Sísọ́ọ̀sì Màmá Ọládayọ̀

Ẹni tó bá ní òun rí Nàfísàt kó jókòó pẹ́ sójú kan, irọ́ ló ń pa. Ìjókòó ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà. Níbi tó bá ti ń ránṣọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mowé, lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà, bó bá ti gbọ́ pé ọ̀gá kan ń na ọmọṣẹ́ ní àdúgbò kejì, ó ti dìde nìyẹn. Aṣọ oníbàárà á wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, téèpù á wà lọ́rùn rẹ̀, ó di ibẹ̀. Zubair ọkọ rẹ̀, tó ń tún mọ́tò ṣe ní Asese, ti sọ̀rọ̀ títí ó ti sú u. "Nàfí, ṣé ìwọ nìkan ni Ọlọ́run fi ṣọ́ ìlú yìí ni?" Á ní rárá o. Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti ń wá bàtà.

Ajàfẹ́tọ̀ọ́ làwọn télọ̀ ń pè é. Àwọn kan ń fi kí i, àwọn kan ń fi bú u, kò sì sí èyí tó kàn án nínú méjèèjì. Òun ló bá ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ fà á títí wọ́n fi ṣòfin pé ọ̀gá kankan ò gbọdọ̀ fi igi yáàdì na ọmọṣẹ́ mọ́. Òun ló ní kí wọ́n yéé rán ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ fọ ìlédìí ọmọ ọ̀gá. Wọ́n pariwo, wọ́n ní ayé ti bàjẹ́, wọ́n ní ṣebí báwọn náà ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ ẹ́, ṣé ó dùn mọ́ yín?"

Ìyà kan ló kù tó ń dun Nàfísàt dọ́kàn, òun ni wọ́n ń pè ní àfikún. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ọmọ bá kọ́ṣẹ́ pé, ọ̀gá rẹ̀ ló máa ṣe fírídọ̀mù fún un: ọmọ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, á gbàdúrà fún un, gbogbo ẹgbẹ́ á máa ṣe àmín. Ẹni tí ọ̀gá ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò lè dá ṣọ́ọ̀bù ní láti Ìbafò títí dé Mowé. Bó bá dán an wò, ẹgbẹ́ á wá gbé orí maṣíìnì rẹ̀ lọ níṣojú àwọn oníbàárà. Ibẹ̀ làwọn ọ̀gá kan ti rọ́gbọ́n dá. Ọmọ á mọṣẹ́ tán, ọ̀gá á ní ó ṣẹ́ abẹ́rẹ́, á fi oṣù mìíràn kún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, àfikún dé. Ọmọ á pẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ òjò, àfikún. Wọ́n á ní ó ṣíjú wo ọ̀gá, àfikún. Ọmọ ọlọ́mọ á wá máa ránṣọ fún ẹlòmíì bí ẹrú, irun á fẹ́ẹ̀ funfun lórí rẹ̀, wọ́n á ní kò tíì mọṣẹ́.

Àbá tí Nàfísàt gbé wá ò le rárá. Ó ní bí ọmọ bá mọṣẹ́ tán, tí ọ̀gá sì kọ̀ láìnídìí, kí ẹgbẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ náà. Bí ó bá yege, kí ẹnikẹ́ni tó ti gba fírídọ̀mù tirẹ̀ gbé sísọ́ọ̀sì fún un. Ó fi ẹsẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ó ń wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń jáde, ó ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń fetí sílẹ̀ àtàwọn tó ń yínmú. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí pé ó dáa, pé àwọn á nawọ́ sókè fún un lọ́jọ́ ìpàdé.

Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọmọbìnrin kan yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, tó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí Ajàfẹ́tọ̀ọ́, ẹ gbà mí."

"Dìde ńbẹ̀. Kí lorúkọ ẹ?"

"Àjíbíkẹ́ ni, Àǹtí. Mo ti mọṣẹ́ tán tipẹ́. Èmi ni mò ń gé gbogbo aṣọ, èmi ni mò ń rán an, síbẹ̀ ọ̀gá mi ò gbà kí n lọ. Àfikún lórí àfikún ni."

Nàfísàt ti ń wá ìbòrí rẹ̀. "Ta lọ̀gá ẹ? Ní báyìí ni mò ń lọ bá a."

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Màmá Ọládayọ̀ ni, ní Ìbafò."

Nàfísàt tí kì í jókòó wá ìjókòó.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, ṣé kò yẹ kó jókòó? Màmá Ọládayọ̀ lọ̀gá tó kọ́ òun gan-an níṣẹ́. Nígbà tó ti Ìwó wá pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo, tí kò mọ ẹnì kankan, obìnrin ọmọ ìlú Ọbáfẹ́mi yìí ló gbà á sílé. Nínú pálọ̀ rẹ̀ ló ń sùn. Bó bá ránṣọ tí kò dáa, Màmá á tú u sílẹ̀ pátápátá, á ní, "Tún un rán. Aṣọ tí kò bá dáa, orúkọ mi ló ń bà jẹ́." Kò sì na án rí. Lọ́jọ́ fírídọ̀mù, ó gbé sísọ́ọ̀sì ọwọ́ ara rẹ̀ fún un, èyí tí wọ́n fi òwú pupa wé ọrùn rẹ̀, ó sì gbàdúrà títí omi fi bọ́ lójú àwọn èèyàn. Ohun gbogbo tí Nàfísàt ní láyé, inú àdúrà ọjọ́ yẹn ló gbà pé ó ti jáde wá. Ẹnu tó súre fúnni, ta ló fẹ́ kó yí i padà?

Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Ó fi áyọ́ọ̀nù jó búláòsì ìyàwó pásítọ̀ kan. Ó gbé omi kaná, ó gbàgbé rẹ̀ títí ìkòkò fi jó. Zubair wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Nígbà tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́gàá, ẹnu ẹ ń mú bí abẹ. Ó wá kan tìẹ, o ń jó aṣọ." Inú bí Nàfísàt, nítorí pé òótọ́ ni.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbafò. Bó ṣe dẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Màmá, ó dúró kó tó kí i. Màmá ò rí i. Màmá dojú kọ wíńdò, ó gbé abẹ́rẹ́ sókè sínú oòrùn, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́ kó lè ki òwú bọ̀ ọ́. Ó ki í, ó tàsé. Ó tún ki í, ó tàsé. Àjíbíkẹ́ dìde láìsọ̀rọ̀, ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó dá a padà fún un, ó sì lọ jókòó sídìí maṣíìnì. Ó hàn pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Páà! Ọ̀rọ̀ yé Nàfísàt. Kì í ṣe pé Àjíbíkẹ́ ò mọṣẹ́. Ojú Màmá ti ń lọ, ojú ọmọ yìí ló sì fi ń ríran.

"Ẹ káàsán o, Màmá." Ó kúnlẹ̀.

"Ta nìyẹn? Nàfí! Ó tó ọjọ́ mẹ́ta." Màmá tètè fi abẹ́rẹ́ náà gún àyà búbà rẹ̀. "Mo gbọ́ pé o ti di olóṣèlú."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Màmá. Mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú Àjíbíkẹ́ sílẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Màmá. "Ó ti wá fẹjọ́ mi sùn ọ́?"

"Ọmọ yìí mọṣẹ́ ju èmi lọ, Màmá. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa jókòó tì yín, a lè wá ọ̀nà mìíràn. Ẹ ò gbọdọ̀ dè é mọ́lẹ̀."

"Ta ló ń wá ẹni tó máa jókòó ti òun? Ṣé arọ ni mí ni?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. "Gbọ́ o, Nàfísàt. Mo gbọ́ òfin tó o fẹ́ ṣe. Ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó o bá gbé sísọ́ọ̀sì fún ọmọṣẹ́ mi, dá tèmi padà fún mi lọ́jọ́ náà. A kì í fi sísọ́ọ̀sì mi gé mi jẹ."

Bẹ́ ẹ bá jẹ́ aránṣọ, ẹ ti mọ ohun tó sọ. Ẹni tó bá dá sísọ́ọ̀sì ọ̀gá padà, kò ní fírídọ̀mù mọ́. Ẹgbẹ́ á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó di ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rí. Nàfísàt dìde, ó ní "ẹ ṣé, Màmá," ó sì sọdá títì.

Ṣé ẹ rò pé ó lọ sílé? Kò lọ sílé. Ó wọ ọkọ̀ dé Bẹ́gà, ó wọ òmíràn gba Àgbàdo, ó di Ìfọ̀, níbi tí ìyá Àjíbíkẹ́ ti ń ta gààrí. Ó fẹ́ kí ìyá náà wá sí ìpàdé kó sọ̀rọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ìyá ń fi igbá bo gààrí, ó ń mi orí.

"Ẹ má bínú, Ìyá Àdìó." Orúkọ àkọ́bí Nàfísàt ló fi ń pè é. "Ẹ̀rù Màmá yẹn ń bà mí. Bí wọ́n bá ṣépè fọ́mọ mi ńkọ́? Kó kúkú máa bá wọn ránṣọ lọ. Ọjọ́ kan á jọ́kan."

"Ìgbà wo lọjọ́ náà, Ìyá? Nígbà tó bá darúgbó?"

Ìyá náà fi etí ìró nu ojú. "Bí ẹnì kan bá lè gbàdúrà fún un, àdúrà tó máa gbà, n ò ní sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n èmi ò lè wá."

Nígbà tó ń padà bọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Àgbàdo, ó ra sísọ́ọ̀sì tuntun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Kò tíì mọ̀ bóyá òun á lè lò ó. Ó kàn rà á ni, ó jù ú sínú báàgì, ìró rẹ̀ sì ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ títí ó fi délé.

Ọjọ́ Mọ́ńdè lọjọ́ ìpàdé, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á wà ní títì. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní Mowé kún dẹ́nu ọ̀nà. Màmá Ọládayọ̀ jókòó níwájú, ó wé gèlè rẹ̀ le. Àjíbíkẹ́ wà lẹ́yìn pátápátá. Nàfísàt ò lè jókòó, ó dúró ti ògiri, ó ń yí òrùka ìka rẹ̀ po.

Alága ẹgbẹ́, Bàbá Ògúnkànmí tó máa ń rán àgbádá, ka àbá náà sókè. Ládi dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Obìnrin tó ń rán aṣọ iléèwé ni, ẹnu rẹ̀ kì í dílẹ̀.

"Alága, mo ní ìbéèrè kan. Fírídọ̀mù kì í ṣe sísọ́ọ̀sì nìkan o. Àdúrà ni. Bí ọ̀gá ò bá gbàdúrà, àdúrà ta ló máa gbà? Àdúrà ẹlẹ́gbẹ́ ẹni? Ẹ má sọ iṣẹ́ wa di ṣeréṣeré."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọlé, kí n má parọ́ fún yín. Nàfísàt rí i pé àwọn tó ti ṣèlérí fún òun ti ń wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó lè yí gbogbo ilé padà. Bó bá lè dìde kó ní, "Ojú Màmá ò ríran mọ́. Ìdí tí wọ́n fi de ọmọ yìí mọ́lẹ̀ nìyẹn," ó ti borí. Ó dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo Màmá níbi tó ti ń na ọrùn bí ẹni tó ń rí gbogbo ayé, ó rántí pálọ̀ tó ń sùn sí, ó gbé e mì.

"Ẹ̀yin àgbà," ó ní, "Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà ọ̀gá, ṣé etí rẹ̀ di sí tiwa ni? N ò ní kí ẹ fi ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá mi ló sọ mí dèèyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kọ́ṣẹ́ tán tí kò lè lọ, kí la fẹ́ máa pè é? Ẹ gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò."

Wọ́n gba búbà tí Àjíbíkẹ́ rán, wọ́n gbé e kiri. Bàbá Ògúnkànmí yí i sódì, ó wo gbogbo ojú rírán rẹ̀, ó fi gíláàsì ojú rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. "Àbùkù ò sí níbí," ó ní. Wọ́n wá nawọ́. Wọ́n ka ọwọ́, wọ́n tún un kà nítorí ariwo. Àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni fi díẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ní rárá. Òfin dé.

"Ó dáa," Alága ní. "Ta ló máa gbé sísọ́ọ̀sì fún Àjíbíkẹ́?"

Háà, ẹ̀yin èèyàn! Àwọn tó nawọ́ sókè ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìró. Ó dùn láti ṣòfin, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ kí Màmá Ọládayọ̀ pe orúkọ òun sí èpè lówùúrọ̀.

"Èmi ni," Nàfísàt ní.

Màmá ò yíjú. "O rántí ohun tí mo wí?"

"Mo rántí, Màmá."

Ó mú sísọ́ọ̀sì tuntun jáde. Àjíbíkẹ́ wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Àdúrà Nàfísàt ò gùn: kí ọwọ́ rẹ̀ má ṣe wọ́, kí oníbàárà má já a kulẹ̀, kó má ṣe rí ìdí tó fi máa di ọ̀gá búburú. Àmín tí wọ́n ṣe tín-ín-rín. Ó gbé sísọ́ọ̀sì lé ọmọ náà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá tú báàgì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó yọ sísọ́ọ̀sì olówùú pupa, ó rìn lọ síwájú Màmá, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Kò fi pa mọ́.

Màmá gbé sísọ́ọ̀sì, ó fi sórí itan.

Bàbá Ògúnkànmí fọwọ́ pa orí. "Nàfísàt, o mọ òfin. Ẹni tí kò ní sísọ́ọ̀sì, kò ní fírídọ̀mù. A máa ní láti ti ṣọ́ọ̀bù ẹ lọ́la." Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò dùn mọ́ ọn.

Ìgbà yẹn ni Àjíbíkẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn rẹ̀ látàárọ̀, sọ̀rọ̀. "Alága, ẹ dákun, òfin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ńkọ́? Ṣebí ẹ ní ẹnikẹ́ni tó bá ti gba fírídọ̀mù lè gbé sísọ́ọ̀sì fún ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kọ̀?"

"A sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti gba tèmi."

Ilé dàrú. Ládi ń pariwo pé kí ọmọdé gbàdúrà fún àgbà kẹ̀, pé kí àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé kẹ̀, pé èèwọ̀ ni! Àjíbíkẹ́ ò dá a lóhùn. Ó fa Nàfísàt dìde, ó fi í jókòó sórí àga. Òun ọmọdé ló wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé sísọ́ọ̀sì tuntun náà sókè sí i, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan itan Nàfísàt. Èèwọ̀ wo ló tún kù ńbẹ̀? Ládi jókòó.

"Àǹtí mi," ọmọ náà ní, "ibi tẹ́ ẹ ti fi tiyín sílẹ̀ nítorí mi, Ọlọ́run ò ní fi yín sílẹ̀ ńbẹ̀."

"Àmín!" Èyí le ju tàkọ́kọ́ lọ.

"Ṣọ́ọ̀bù yín ò ní tì."

"Àmín!"

"Ọ̀gá tó kọ́ wa, ìyá àwa méjèèjì," ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀, "wọn ò ní wá wa tì. Ọlọ́run á tan iná ojú wọn padà fún wọn. Ilẹ̀ ò ní ṣú wọn lọ́sàn-án gangan."

"Àmín o! Àmín, Olúwa mi!"

Ohùn kan ṣoṣo ni. Ó jáde kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó la ẹnu, ó ròkè ju ti gbogbo wọn lọ. Gbogbo èèyàn yíjú. Màmá Ọládayọ̀ ni. Ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣí sójú ọ̀run, omijé ti dé àgbọ̀n rẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ ló mọ ohun tó ṣe. Ó tètè gbé ọwọ́ sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àmín ti bọ́ lẹ́nu, ẹyin ni ohùn, kò ṣe é kó.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àní Ládi ò rẹ́rìn-ín.

Màmá mú sísọ́ọ̀sì olówùú pupa lórí itan rẹ̀, ó ṣí i, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò jẹ́jẹ́, láti ìdí títí dé ṣóńṣó. Ó bojú jẹ́.

"Nàfí."

"Mà."

"Ta ló kọ́ ẹ pé kó o jẹ́ kí sísọ́ọ̀sì kú báyìí? Gbogbo ìlú lò ń sáré kiri, o ò ráyè pọ́n sísọ́ọ̀sì." Ó nà án sí i. Apá ibi tí Nàfísàt wà gan-an kọ́ ló nà án sí, Àjíbíkẹ́ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, tó sì darí rẹ̀. "Gbà. Lọ pọ́n ọn kó o tó gé aṣọ ẹnikẹ́ni."